Ọ̀mì ní Ṣọ́ọ̀bù Sàláwù

"Gbá a síta! Gbàdà, mo ní kó o gbá a síta!"

Sàláwù ò pariwo o. Àárín eyín ló ti sọ ọ́, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu ẹ̀. Lójú tẹlifíṣọ̀n, nọ́ńbà mẹ́sàn-án Gbàdà ti kọjá gbogbo agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn Sàláwù, ó ku òun àti aṣọ́lé. Ojú ilé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Arúgbó tí ò ríran, tí wọ́n tún wá dì lọ́wọ́ mọ́ ẹ̀yìn, á gbá bọ́ọ̀lù yẹn wọlé, á sì jó lé e.

Àtàǹpàkò Gbàdà ń gbọ̀n lórí páàdì. Kẹ́ ẹ má rò pé ogbó ló ń gbọ̀n ọ́n. Ọ̀kánjúwà ni. Gbàdà tí gbogbo Lafẹ́nwá mọ̀ yìí, tó bá rí ojú ilé tó ṣí sílẹ̀ lójú àlá, ó máa ń ta ògiri nípàá kó tó jí.

"Síta."

"Mo gbọ́."

"Ojú ẹ ò jọ tẹni tó gbọ́."

Gbàdà dijú, ó tẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀lù fò gba òkè igi kọjá bí ẹyẹ tí wọ́n lé lóko ìrẹsì. Fèrè dún. Méjì sí méjì.

Lẹ́nu ọ̀nà, Atìlẹ̀kùn ki ọrùn ẹ̀ gígùn wọlé. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ṣé eré ti parí?"

"Ọ̀mì ni," làwọn méjèèjì dá a lóhùn pọ̀, láìwo ibi tó wà, bí ọmọ ilé kéú tó ti ka ibì kan náà títí tó fi sú u.

"Kò burú. Mo ṣì wà níbí." Ó fa ọrùn ẹ̀ padà síta.

Sàláwù gbé páàdì lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú. Ó rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe irú "ó rẹ̀ mí" tẹ́yin máa ń sọ tẹ́ ẹ bá gun òkè díẹ̀ o. Oorun tó wà lójú Sàláwù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí wọ́n bá pín in kárí gbogbo Abẹ́òkúta, ọmọ tuntun á sùn títí irùngbọ̀n á fi hù ú. Ìka ẹ̀ ti wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti gan mọ́ àga tó fi jẹ́ pé tó bá fẹ́ dìde lọ kírun, àga náà máa ń fẹ́ bá a lọ sí mọ́sálásí. Látìgbà ọyẹ́ lòun àti Gbàdà ti ń gbá ọ̀mì. Ọyẹ́ lọ, ooru dé, àkọ́rọ̀ òjò ti wá rọ̀ lórí páànù, ọ̀mì ni. Wọ́n ń jẹun lórí àga, wọ́n ń sùn lórí àga, páàdì ò sì kúrò lọ́wọ́ wọn.

Tẹ́ ẹ bá wo Atìlẹ̀kùn, ẹ̀ẹ́ mọ ìdí ẹ̀. Ẹ̀rọ ni, ó ga bí igi ìbẹ́pẹ tí ò léwé. Ọwọ́ ẹ̀ kan, irin pẹlẹbẹ tó tó ìlẹ̀kùn. Ọwọ́ kejì, iná tó fi ń jó irin náà mọ́ ara ilé. Òun ló ti gbogbo ilé géèmù tó wà láti Sápọ́n dé Ìbarà. Bó bá sì ti tì í tán, á kó àwọn síídì inú ẹ̀ lọ sétí odò Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń lọ̀ wọ́n kúnná bí èlùbọ́. Ẹni tó bá tiẹ̀ gba atẹ́gùn ibẹ̀ kọjá, ó lè sín géèmù odindi jáde ní ihò imú. Ṣọ́ọ̀bù Sàláwù nìkan ló ṣẹ́ kù.

Ohùn obìnrin kan dún níta. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi."

"Ẹ káàbọ̀, Arábìnrin," ni Atìlẹ̀kùn sọ. Yorùbá ẹ̀ mọ́ ju omi òjò lọ, bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn láyé àtijọ́. "Ṣé ẹ wá ṣeré ni, àbí ẹ wá kó ẹrù?"

"Mo wá mú bàbá mi lọ sílé."

"Òfin Ọpọ́n Ayò ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da eré tó ń lọ lọ́wọ́ rú, ì báà jẹ́ ọba, ì báà jẹ́ ìjọba."

"Mo mọ̀ ọ́n. Torí àwọn baba tó ń tayò lábẹ́ igi ni wọ́n ṣe ṣe é."

"Àwọn baba náà ti kú tán. Òfin ò kú. Ẹ máa wọlé, ẹ má ṣáà dà á rú."

Ṣẹ̀kínátù, ọmọ Sàláwù kan ṣoṣo, wọlé pẹ̀lú abọ́ tí wọ́n dì sínú aṣọ. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, Bàámi. Ẹ káàsán, Bàbá Gbàdà."

"Ṣẹ̀kí! Ọmọ mi!" Ẹnu Gbàdà ló kọ́kọ́ yá. Ẹnu Gbàdà ló máa ń kọ́kọ́ yá níbi gbogbo. Tí wọ́n bá ń sìnkú, òun ló máa ń kí òkú káàbọ̀. "Ojú ẹ ń tàn bíi tológbò. Ṣé dígí tuntun ni?"

"Gbogbo èèyàn ló ní in, Bàbá Gbàdà. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù."

"Ojú tí Ọlọ́run fún mi ò tíì gbó. Kí lo ń rí nínú ẹ̀ báyìí?"

"Eré kan ni mo ń gbá bọ̀ láàárọ̀. Kí n tó dé ìdí ọkọ̀ okùn orí àpáta, Sánmọ̀ tó ń fi eré ránṣẹ́ sí dígí ti yọ ọ́ kúrò lójú mi. Wọ́n ní kò sí mọ́."

"Orúkọ ẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò rántí mọ́."

Gbàdà wo Sàláwù. Sàláwù bojú wẹ̀yìn. Lẹ́yìn wọn, síídì kún ògiri látòkè délẹ̀, kálukú nínú páálí tiẹ̀. Eruku orí wọn nípọn débi pé tẹ́ ẹ bá gbin àgbàdo síbẹ̀, á so. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè yọ wọ́n kúrò lójú ẹnikẹ́ni.

Ṣẹ̀kí jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bẹ́ǹṣì yẹn gùn ju ìtàn ilẹ̀ Ẹ̀gbá lọ. Ìdí àwọn tó ń dúró de eré ló jẹ́ kó máa dán bí awo. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nítòsí ilẹ̀kùn, ló jókòó sí. Nígbà tó yá, ooru mú un, ó sún díẹ̀ sọ́dọ̀ fáànù. Ó tú abọ́: mọ́ínmọ́ín eléwé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí bu sẹ́nu bàbá ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ọwọ́ Sàláwù wà lórí páàdì.

"Bàámi, ìrọ̀lẹ́ yìí ni mò ń lọ. Ilé tí ibi iṣẹ́ fún mi ní ìlú Ọ̀yẹ́ ti ṣe tán. Mo ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún yín. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ gbòòrò. Fèrèsé ẹ̀ kọjú sí igi máńgòrò. Ẹ̀ẹ́ sùn."

Ẹ ò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún Sàláwù. "Ẹ̀ẹ́ sùn." Wọ́n ì bá sọ fún un pé ó ti jọba, ara ẹ̀ ò ní í rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀dì náà. Ó rí ìrọ̀rí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ bí máńgòrò ṣe ń já lulẹ̀ gbì níta, tí kò sì ní dìde lọ ṣà á.

"Kí la máa wá ṣe sí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù?" ló béèrè.

"Ẹ jẹ́ kí Bàbá Gbàdà nà yín lẹ́ẹ̀kan péré. Ó parí."

"Mo ti ṣe tán tipẹ́," ni Gbàdà sọ.

"Dákẹ́ ẹnu ẹ," ni Sàláwù dá a lóhùn. "Ẹnu ẹ yẹn náà ló kó wa sí i."

Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ tí Atìlẹ̀kùn kọ́kọ́ dé, ó bá wọn lórí eré. Ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèmi ó ṣe mọ̀ pé eré ti parí?" Èèyàn gidi ì bá ronú kó tó fèsì. Gbàdà ò ronú. Ó gbá àyà bí ìnàkí, ó ní: "Eré yìí máa parí lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú àwa méjèèjì bá na ìkejì! Títí dìgbà náà, lọ dúró síta, ìwọ ìbẹ́pẹ irin!" Yẹ̀yẹ́ lásán. Atìlẹ̀kùn ní, "Ẹ ṣeun, mo ti gbà á sílẹ̀," ó sì lọ dúró síta. Bí ẹnu Gbàdà ṣe sọ Gbàdà àti Sàláwù di ẹrú ọ̀mì nìyẹn o. Ọkùnrin méjì tí wọ́n ti ń nara wọn bọ̀ látìgbà tí eyín Ṣẹ̀kí ò tíì hù, tí ò sí ìkankan nínú wọn tó fẹ́ gbọ́ orúkọ ọ̀mì sétí.

"Bẹ̀rẹ̀," ni Sàláwù sọ. Fèrè dún, wọ́n tún gbé e.

Ṣẹ̀kí ń wò wọ́n. Ó ti pẹ́ tó ti wo eré lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó yọ dígí ojú ẹ̀ méjèèjì, torí ó ń jẹ́ kí àwọn agbábọ́ọ̀lù di méjì méjì, ó kó wọn sínú àpò. Ó sún sí i sọ́dọ̀ fáànù.

Sàláwù gbá ọ̀kan wọlé. Kíá, ẹ̀yìn ẹ̀ kan ṣubú lásán, bí ẹni tí ọṣẹ wà lábẹ́ bàtà ẹ̀. Gbàdà gbá tiẹ̀ wọlé. Ọ̀kan sí ọ̀kan. Gbàdà tún gbà á, ó sá lọ, ó sá lọ, ó dé iwájú ilé, ó yí bọ́ọ̀lù padà fún aṣọ́lé tara ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀dàlẹ̀.

"Bàámi," ni Ṣẹ̀kí pè é jẹ́jẹ́.

"Hẹn?"

"Iṣẹ́ mi lẹ ń ṣe yìí."

"Irú iṣẹ́ wo?"

"Ẹ ò béèrè rí, èmi náà ò sọ. Ohun tí mò ń ṣe níbi iṣẹ́ nìyí. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọ̀tá bí wọ́n ṣe máa ṣubú." Ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. "Tẹ́nì kan bá ń ṣeré lójú ẹ̀, tínú ẹ̀ fẹ́ bàjẹ́, Sánmọ̀ máa mọ̀ látinú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Mo máa wá ní kí ọ̀tá ẹ̀ kọsẹ̀. Kó má hàn. Kó dà bíi pé ọwọ́ ẹni náà ló le. Gbogbo ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń rí lóde yìí, kò sẹ́ni tó pàdánù rí nínú wọn. Ìkankan ò mọ bó ṣe ń rí." Ó na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. "Bí ẹ̀yìn yín ṣe ṣubú lẹ́ẹ̀kan yẹn, bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe ń kọ́ wọn. Kódà, tiyín dáa ju tiwa lọ."

Sàláwù dá eré náà dúró. Ó wo páàdì bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lé e lọ́wọ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, wọ́n ti na ọ̀gá sójà kan mẹ́jọ sí òdo, tòun ti ìbọn lẹ́yìn ẹ̀. Sójà náà dìde, ó lọ sídìí bẹ́ǹṣì, ó tò. Ọkọ ìyàwó kan ti sá kúrò níbi yìgì wá síbí, pé kóun tó wọ ayé tuntun, òun gbọ́dọ̀ gba ẹ̀san. Wọ́n nà án, ó sunkún, ó nu ojú, ó lọ fẹ́ ìyàwó ẹ̀. Àwọn ọmọ ti ń fi omijé jáde lẹ́nu ọ̀nà yẹn bí ẹni tí bàbá ẹ̀ kú. Lọ́jọ́ kejì, àwọn náà ló máa kọ́kọ́ dé, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán. Ohun tí ṣọ́ọ̀bù yìí ń tà gan-an nìyẹn. Síídì kọ́.

"Gbàdà."

"Mò ń gbọ́."

"Gbá a dáadáa."

"Kí lo wí?"

"Mo ní kó o gbá a dáadáa. Èmi náà máa gbá a dáadáa. Ẹni tó bá máa na ìkejì kó nà án."

Gbàdà rẹ́rìn-ín, ó tún wo ojú Sàláwù, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọjọ́ náà sọ́kàn, torí Gbàdà ò rẹ ohùn sílẹ̀ rí látọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. "Wọ́n máa tì ẹ́ pa."

"Wọ́n ti tì í tipẹ́. Àwa méjèèjì la kàn jókòó sínú ẹ̀, tá à ń ṣe bíi pé ó ṣí."

"Ìwọ lọ́mọ tó máa mú ẹ lọ sídìí máńgòrò. Èmi ńkọ́?" Ọkọ̀ okùn ni Gbàdà ń wà tẹ́lẹ̀, láti orí àpáta kan dé orí èkejì, kí okùn tó kọ́ bó ṣe máa wa ara ẹ̀. "Tí mo bá kúrò níbí, ògiri ni mò ń lọ kọjú sí. Ògiri ò mọ yẹ̀yẹ́ gbà, Sàláwù."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o tún ń sọ ọ́."

"Gbàdà, ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe eré ló rẹ̀ mí o. Èké ló rẹ̀ mí."

Gbàdà mí kanlẹ̀. Atẹ́gùn tó jáde lẹ́nu ẹ̀ ì bá gbé páànù ilé ṣí. Ó na ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dún kó kó kó. Ó ní, "Kó o má wá sọ pé mi ò kìlọ̀ fún ẹ o. Orí ẹ tó rí bí àgbọn yẹn, mo máa fọ́ ọ lónìí."

"Ẹnu lásán."

"Ṣẹ̀kí, wá jẹ́rìí. Bàbá ẹ ní ẹnu lásán."

"Mo ti gbọ́, Bàbá Gbàdà," ni Ṣẹ̀kí sọ. Ó fẹ́ ní kí wọ́n dúró ná, àmọ́ kò mọ̀ bóyá kí wọ́n parí ẹ̀ lòun fẹ́, àbí kí wọ́n máa gbá ọ̀mì lọ.

Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ láti òdo sí òdo.

Ẹ gbọ́, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà! Tẹlifíṣọ̀n gbóná débi pé èèyàn lè din ẹyin lórí ẹ̀. Sàláwù gbàgbé ẹ̀yìn ẹ̀, ó gbàgbé ìka ẹ̀ tó wú. Ó ta á sápá ọ̀tún, ó gé e wọlé, nọ́ńbà mẹ́wàá ẹ̀ fò sókè, ó fi orí kàn án. Góòlù! "Ṣé o rí i? Ṣé o rí i, olórí òfìfo?" Gbàdà ń payín keke. Kò pẹ́, ó fi ìtànjẹ kan kọjá ẹni mẹ́ta, irú èyí tó jẹ́ pé bàtà àwọn yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti dúró. Ó gbá a gba abẹ́ ìdí aṣọ́lé. Ọ̀kan sí ọ̀kan. "Mo ní orí àgbọn!" Láìmọ̀, Ṣẹ̀kí ti ń na ọwọ́, ó ń pariwo, "Ẹ̀yìn! Ẹ wo ẹ̀yìn yín, Bàámi!" Ó ti sún dé iwájú bẹ́ǹṣì pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa mí sí wọn lọ́rùn.

Ó ku díẹ̀ kí fèrè dún. Tẹ́lẹ̀, ibí yìí gan-an ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bọ́ọ̀lù fún ara wọn bí ẹni ń há sàárà. Gbàdà rí kọ́nà gbà. Ó wo Sàláwù láti igun ojú. Sàláwù ò wò ó. Ó ń to àwọn ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́ ojú ilé, ó ń tò wọ́n gidi, bí ẹni tí ò fẹ́ kí wọ́n na òun.

Gbàdà gbé e wá síwájú ilé. Orí kan yọ láàárín àwọn orí, orí nọ́ńbà mẹ́sàn-án burúkú yẹn náà. Aṣọ́lé Sàláwù na ara ẹ̀ tán, ìka ẹ̀ sì kàn án, àmọ́ kíkàn ò tó.

Méjì sí ọ̀kan. Fèrè.

Gbàdà fò sókè. Ọkùnrin tí orúnkún ẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ó fò tí orí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá fáànù. Ó gbàgbé òfin, ó gbàgbé Atìlẹ̀kùn, ó gbàgbé ògiri tó ń dúró dè é nílé. Ó ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn látìgbà tí ṣọ́ọ̀bù ti ń jẹ́ ṣọ́ọ̀bù: ó na ìka sí Sàláwù.

"Dìde! Dìde jàre! Wọ́n ti nà ẹ́! Ta ló kàn? Mo ní ta ló kàn?"

Sàláwù sì dìde. Ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ ni, kò sì sẹ́ni tí wọ́n nà rí níbẹ̀ tí ò dìde. Òun kọ́ ló máa kọ́kọ́ bà á jẹ́. Àga fẹ́ bá a lọ, ó tì í padà. Ó gbé páàdì sórí àga náà. Eegun ẹ̀yìn ẹ̀ tò padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ìkankan lẹ́yìn ìkankan.

Ìgbà náà ni Gbàdà rántí. Ọwọ́ tó nà sókè rọ̀ wálẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. "Sàláwù," ló wí.

Irin ró lẹ́nu ọ̀nà. Atìlẹ̀kùn ti ń na ọwọ́ pẹlẹbẹ yẹn. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo gbọ́ pé ẹnì kan ti na ìkejì. Ṣé eré ti parí?"

Sàláwù la ẹnu kó sọ pé ó ti parí. Ẹ̀rù ò bà á. Ìrọ̀rí ló ń rò. Ó yíjú padà kó fi ojú wo ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ nígbà ìkẹyìn.

Ṣẹ̀kí ti wà lórí àga.

Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó jókòó. Òun náà ò mọ ìgbà tó jókòó. Láti kékeré, tó bá ti ilé ìwé dé tòun ti yúnífọ́ọ̀mù, orí bẹ́ǹṣì yẹn náà ló ti máa ń sún, ìdí kan lẹ́yìn ìdí mìíràn, títí táá fi dé iwájú, etí ẹ̀ á wà lójúfò de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. "Ta ló kàn?" Tó bá gbọ́ ọ, á ti dórí àga kí ẹni tí wọ́n nà tó dìde tán. Dígí ojú lè mú èèyàn gbàgbé orúkọ eré tó gbá láàárọ̀. Kò lè mú ìdí gbàgbé.

Ó wo páàdì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó wo bàbá ẹ̀. "Bàámi," ó ní, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀, "èmi ni mo wà níwájú."

Ọrùn Atìlẹ̀kùn wọlé. Ó wo Gbàdà tó borí. Ó wo Sàláwù tó dúró. Ó wo Ṣẹ̀kí. Ó wò wọ́n tún. Iná kékeré ojú ẹ̀ ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn.

"Ẹ sọ fún mi pé tẹ́nì kan bá na ìkejì, eré parí," ló sọ. "Ohun tí mo rí nìyí: ẹnì kan na ìkejì, ẹlòmíràn jókòó. Ṣé àṣà ilé yìí ni?"

"Látìgbà tí bàbá mi ti dá a sílẹ̀," ni Sàláwù dá a lóhùn. Ohùn ẹ̀ ń wá látọ̀nà jíjìn. "Wọ́n bá nà ẹ́, o dìde. Ẹni tó kàn á jókòó."

"Èwo wá ni kí n gbà, èyí tẹ́ ẹ sọ ni, àbí èyí tẹ́ ẹ ṣe?"

"Èyí tí mo sọ, yẹ̀yẹ́ ni!" ni Gbàdà ké. "Ẹnu mi nìyẹn! Ta ló máa ń gba ẹnu mi gbọ́? Béèrè lọ́wọ́ gbogbo ìlú!"

Iná ojú Atìlẹ̀kùn tàn, ó kú. "Òfin ní ohun tójú bá rí ló ju ohun tí ẹnu bá sọ. Eré ń lọ. Mo ṣì wà níbí." Ó ká irin ẹ̀ padà.

Wọ́n wo ara wọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Látìgbà ọyẹ́! Gbogbo ọ̀mì yẹn! Gbogbo oorun orí àga! Ẹnì kan ṣoṣo lórí bẹ́ǹṣì ì bá ti tó! Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, torí ẹni tó bá rẹ́rìn-ín á ní láti sọ bí wọ́n ṣe gọ̀ tó.

Lókè, ọkọ̀ okùn ìrọ̀lẹ́ fọn fèrè láti orí àpáta. Ṣẹ̀kí gbọ́ ọ. Ó gbé ìdí sókè díẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ sá ni?" ni Gbàdà béèrè. Ara ẹ̀ ti ń yá bọ̀. "Mo mọ̀ pé wàá sá. Ìdílé yín, ẹsẹ̀ lẹ fi ń gbá a, ẹsẹ̀ náà lẹ fi ń sá."

Ṣẹ̀kí jókòó padà. "Ẹ bẹ̀rẹ̀."

Kó tó mọ bọ́tìnnì tó wà lábẹ́ ìka ẹ̀, ọ̀kan ti wọlé. Kó tó sunkún ìyẹn tán, èkejì wọlé. "Ẹ̀! Bàbá Gbàdà! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Sọ fún ọ̀tá ẹ kó kọsẹ̀!"

Ariwo tí Ṣẹ̀kí pa nígbà tí ẹ̀kẹta wọlé, ó la odò Ògùn kọjá. Wọ́n ní ẹja yọ orí síta. Irú ariwo yẹn, ariwo ẹni tí wọ́n ń nà gidi, wọn ò tíì gbọ́ ọ lóde Lafẹ́nwá látìgbà tí eré ti ń bọ́ láti Sánmọ̀ sínú ojú. Obìnrin kan tó ń fi òróró pa okùn ọkọ̀ yọjú wọlé, ọwọ́ ẹ̀ dúdú. "Ta ló ń kú níbí?"

"Kò sẹ́ni tó ń kú," ni Sàláwù sọ. "Wọ́n ń nà án ni."

"Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Jókòó. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wàá ti bẹ̀rẹ̀."

Obìnrin náà jókòó. Ó ṣáà fẹ́ sinmi díẹ̀, ló sọ. Ẹlòmíràn bá a láti ìta, ó ń yọ dígí kúrò lójú ẹ̀ bó ṣe ń bọ̀.

Kò tíì sí ohun tó yí padà púpọ̀ o. Atìlẹ̀kùn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Tí bẹ́ǹṣì bá ṣófo lọ́la, irin náà á tún nà. Sàláwù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀la ò sí lára ohun tí ojú ẹ̀ lè rí mọ́. Ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́yìn gbogbo wọn, ó fi ẹsẹ̀ kan síta, ó fi páálí síídì ṣe ìrọ̀rí. Kí orí ẹ̀ tó kàn án, ó ti lọ. Igi tí wọ́n ń fi ayùn là ò dún tó bí imú ẹ̀ ṣe dún. Wọ́n ń pariwo lé e lórí, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń tì í sún ní ìdí kọ̀ọ̀kan lórí bẹ́ǹṣì bí àwọn tó wà níwájú ẹ̀ ṣe ń lọ, òun ò mọ̀.

Ẹnì kan fọwọ́ kan èjìká ẹ̀.

"Bàámi. Ẹ dìde."

Ó la ojú kan. Irun Ṣẹ̀kí ti tú ká, ojú ẹ̀ ti pọ́n, òógùn bò ó, inú ẹ̀ sì dùn bí ẹni tó jí ẹran jẹ. Wọ́n ti nà án débi tí kò kà á mọ́. Lẹ́yìn ẹ̀, obìnrin olóróró wà lórí àga, ó ti na Gbàdà, Gbàdà sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń ṣàlàyé fún ẹni tí ò béèrè pé páàdì ló bàjẹ́.

Lẹ́nu ọ̀nà, ọrùn gígùn náà wọlé. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ṣé eré ti parí?"

Sàláwù fi ọwọ́ ti ara ẹ̀ dìde, eegun kan, eegun kan.

"Dúró ná jàre," ló wí. "Èmi ló kàn."